Ọgbà Inú Agolo Tí Mo Sẹ́

Ìtòsí Pobẹ̀,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, 1978

Tinúkẹ́ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá ibi jókòó sí. Bí ó bá sì bá ọ níbi iṣẹ́, fi í sínú àpò títí o ó fi délé, nítorí kì í ṣe ìwé tí ó yẹ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ yọjú wò. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ ní Gbégamey yín ní Kútọnu? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń lọ sí ìsìn láì fi ọ̀pá tilẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún dákẹ́ bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ó fẹ́ sọ. Ọlọ́run tí ó mú ọ dé ibi tí o dé kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ níbẹ̀. Àmín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo kọ títí ìwé fi kún. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ òjò ni. Ìyá rẹ wá bi mí pé ṣé ewúrẹ́ ló gbé ọmọ òun sínú ìjọ̀ngbọ̀n ni. Nítorí náà, màá sọ ọ́ báyìí: Tinúkẹ́, èmi ni mo ba orúkọ rẹ jẹ́ níbi iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Èmi ni.

O rántí pé nígbà tí mo wá bá ọ ní oṣù kìíní nítorí ojú mi, ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ tó já mi sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo jáde láti bọ́jú tí mo rí i. Láàárín ògiri ilé àti balùwẹ̀, níbi tí àgùntàn méjì kò lè gbà kọjá ara wọn, o to agolo epo, ọpọ́n ike tó ti sán, táyà ọkọ̀ tí o là sí méjì, àti àpò ìrẹsì tí o kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí, tí o sì dá ihò sí lára, tí ewébẹ̀ ń yọrí jáde nínú ihò náà bí ọmọdé tó ń yọjú lójú fèrèsé. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, efinrin wà níbẹ̀, àti ẹ̀fọ́ tí àwọn Fọ̀n ń pè ní gbọ̀ma. Ti inú táyà nìkan ni mi ò mọ̀. O ní saláàdì ni. O já a, o fọ̀ ọ́, o da òróró àti ọtí kíkan sí i, o ní kí n jẹ ẹ́ ní tútù bẹ́ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé o ń wò mí, ṣùgbọ́n mo ń sọ nínú ara mi pé irú rẹ̀ ni ewúrẹ́ mi ń jẹ nílé láì sí òróró, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó ilé ìwé fún ewúrẹ́.

O ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. O ní yanrìn Kútọnu kì í di omi mú, pé ìgbẹ́ adìẹ ni o ń rù wá láti ẹ̀yìn ọjà tí o fi ń pò ó, pé ìṣó ni o fi lu ìdí agolo kí gbòǹgbò má bàa rà, pé omi tí o fi ṣan ìrẹsì ni o fi ń bomi rin wọ́n. O ní ìjọba ló ní kí olúkúlùkù gbin nǹkan sí àyíká rẹ̀, kí a gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wa. Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu rédíò rẹ. Mo bi rédíò náà léèrè pé ṣé ìyàn ti mú ní Kútọnu ni, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn, orin ló bọ́ sí. Ọjọ́ tí a gba ẹ̀gbẹ́ èbúté kọjá, mo rí wọn tí wọ́n ń sọ ìrẹsì kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, àpò lórí àpò, mo wá ń rò ó pé agbára ta ni ìyẹn wá. Mi ò bi ọ́. Àlejò tí ojú ń dùn kì í béèrè ohun gbogbo.

Nígbà tí o lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, mo ti ìka bọ inú yẹ̀ẹ̀pẹ̀ rẹ. Ó tutù, ó dúdú, ó rọ̀ ju ti oko mi lọ. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń roko, mo mọ iṣẹ́ tó dára nígbà tí mo bá rí i. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o dé. Mi ò sọ ọ́.

Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nìyí. O mọ bí ó ti rí nílé wa. Kò sí ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò àfi ẹni tí ẹbí fi ilẹ̀ dù. Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ Àìná lé e kúrò lórí oko lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ṣé o rántí pé ìkòkò fífọ́ mẹ́rin ló gbé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó gbin ata sí? Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń kọjá mọ ẹni tí ìkòkò yẹn ń bú. Bí mo ti dúró lẹ́bàá balùwẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé gbogbo agolo náà kọjú sí mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan wọlé, wọ́n mú ìwé àti kálámù dání. Ọkùnrin àkọ́kọ́ gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè sí mi, ó sì pariwo ọ̀rọ̀ Faransé kan. Mo sá sẹ́yìn, mo fi apá bo ojú mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí. Obìnrin náà gbọ́ Nàgó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ má bẹ̀rù, Bàbá, wọ́n ń kí yín ni. Mo ní irú ìkíni wo nìyẹn, ní tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kí àgbà, ilẹ̀ ló ń kọjú sí, kì í ṣe òkè. Kàmáràdì ni wọ́n ń pe ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, mo sì kí wọn kú bí wọ́n ṣe wà ní ìrẹ́pọ̀.

Obìnrin náà wo àwọn agolo, ó wo ìwé rẹ̀, ó wá wo ojú mi. Ó béèrè pé ṣé ti Tinúkẹ́ ni gbogbo ọ̀gbìn wọ̀nyí. Aago wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Ohun tí mo gbọ́ létí mi ni pé, ṣé ọmọ yín ni ẹni tí kò ní ilẹ̀ yìí? Mo rò pé wọ́n wá kọ orúkọ àwọn tí ìyà ń jẹ sílẹ̀ ni. Mo ní rárá o. Mo ní akọ̀wé ni ọmọ mi, ẹ̀rọ ni ó fi ń kọ̀wé, kì í gbin ẹ̀fọ́ sínú agolo, ó ní ilẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ tí ó tó ìran rẹ̀ jẹ. Mo ní ti Ìdíátù ni, obìnrin aláṣọ tó wà ní yàrá kejì, èrò láti Nàìjíríà ni, kò ní ẹnì kan níhìn-ín. Obìnrin náà tún bi mí pé ṣé ó dá yín lójú, Bàbá? Mo ní èmi tí mo bí i ni ẹ ń bi bẹ́ẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, inú mi dùn bí ẹni tó gba ẹrù lórí ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí o dé ní ìrọ̀lẹ́, o bi mí bóyá àwọn kan wá láti ibi iṣẹ́ rẹ, nítorí pé o ti kọ iye agolo rẹ sínú ìwé tí wọ́n pín fún yín, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Ìgbà náà ni ó yé mi. Mo ní ẹnikẹ́ni ò wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní ìyá rẹ ń retí mi, mo wọkọ̀.

Adélékan olùkọ́ ni ó dé láti Kútọnu ní ọjọ́ Sátidé tó wá sọ ìyókù fún mi. Ó ń sọ ọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní wọ́n ní kí o dìde dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n ní agolo méjìdínlógún ni o kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n bàbá tó bí ọ ní kò sí ẹyọ kan, pé o tan ará ìlú jẹ. Ó ní wọ́n bi ọ́ pé, àbí bàbá rẹ ló purọ́? Ó ní o dáhùn pé bàbá mi kì í purọ́, o sì jókòó. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ tó máa kẹ́yìn oṣù yìí ni wọn yóò pinnu bóyá kí wọ́n gbé ọ lọ sí òkè àríwá ọ̀hún lọ́hùn-ún, níbi tí o kò ti ní gbọ́ èdè wọn. Ó tún ní wọ́n fún Ìdíátù ní ọkọ́ tuntun àti ìwé ìyìn, pé ó gbé ọkọ́ náà wá bá ọ pẹ̀lú ẹkún, ó ní òun kò mọ apá wo lára rẹ̀ ló ń wọlẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Pobẹ̀ láti fi tẹlifóònù bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e fún mi, mo ṣí fìlà, mo kí i, mo kí aya rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń kùn sí mi létí, hùn, hùn, bí ẹni tó ń gbọ́ mi yé, mo sì dúpẹ́ fún sùúrù rẹ̀. Ìgbà tí mo parí ni akọ̀wé wọn ní Bàbá, kò tíì wọlé o, ohùn wáyà lẹ ń gbọ́ yẹn. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti gbọ́ ọ dáadáa ní tiwọn. Obìnrin kan nínú wọn sọ fún mi pé ẹ pẹ̀lẹ́. Nítorí náà gbogbo Pobẹ̀ ti mọ̀, kò ku ẹni kan àyàfi àwọn tó yẹ kó mọ̀.

Mo ti bi ara mi pé kí ló dé tí agolo ẹ̀fọ́ fi lè dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò jẹ gbèsè kì í sá fún ìkòkò. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo pín ilẹ̀ bàbá mi fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, o jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ìyá rẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo ní ìwé tí o kà ni ìpín tìrẹ. O ní, Bàbá, ṣé a lè gbin ilá sínú ìwé? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi ni mo pariwo ẹ̀rín jù. Èmi ni mo sọ fún àwọn àlejò yẹn pé o ní ilẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìsìn àná, mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ jọ, mo ní ìlà tó wà létí odò, láti ìdí igi ọsàn dé ìdí ọ̀pẹ mẹ́ta, tìrẹ ni. Káyọ̀dé kùn, ó ní ta ni yóò máa ro ó. Mo ní èyí kò kàn án. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Ó pẹ́ kí ó tó tó ọ lọ́wọ́ ni.

Mo ń bọ̀ ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìpàdé yẹn. Màá dúró níwájú wọn, màá sọ ọ́ fúnra mi. Ìyá rẹ ní kí n sọ pé oògùn ni kò jẹ́ kí n ríran lọ́jọ́ náà. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ríran. Mo ka àwọn agolo náà kí wọ́n tó wọlé, méjìdínlógún ni wọ́n.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ Adélékan, ó ń padà wá sí ọ̀dọ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ dúró lórí mi, ó ní kí n má gbàgbé owó epo fìtílà àti ọṣẹ. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń wo kálámù mi. Bí owó náà kò bá wá, mi ò ní bi ọ́ léèrè ìdí rẹ̀. Màá yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn, màá sì dé.

Olúwa yóò bu omi sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ibi tó há kò ní há mọ́ ọ. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ gbìn kò ní jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ tó purọ́,
Jozué Adéoyè