Ìgbà Tí Karakoz Gbé Ọ̀rọ̀ Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì
Láti ìgbà tí dókítà kan láti ìlú Bishkek, tí a ń pè ní Onígíláàsì, ti fi ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ sí orí Karakoz, ẹyẹ idì tí mo fi ń dọdẹ, "ebi" àti "òtútù" nìkan ló ń sọ. Lónìí, níbi ọdẹ, ohùn rẹ̀ jáde nínú àpótí kékeré tó wà láyà mi: "Burul, ṣé ènìyàn ni mí?" Ömürbek ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí ẹṣin. "Ènìyàn wo ló ń jẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tirun-tirun?"
Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 20
Bàbá ọkọ mi ti sọ ọ́. "Burul ọmọ mi, idì yìí ti ṣiṣẹ́ fún wa tó. Jẹ́ kó padà sórí òkè, kó lọ yé ẹyin tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é." Mo mọ̀. Mo kàn rò pé ó ṣì kù díẹ̀.
Onígíláàsì lórí fóònù: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Bí kò bá sẹ́ni tó ń fún un ní iná mànàmáná, á bàjẹ́ sí i lórí, á pa á.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Mo sọ fún Karakoz. Ó ń tún ìyẹ́ rẹ̀ tò. Lẹ́yìn náà: "Ẹni tó máa fò lọ, ṣé èmi ni?"
Mo lọ fún wàrà. Mo sunkún sí màlúù lára.

Ọjọ́ Ajé, 24
Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Bàbá á bú mi bí wọ́n bá gbọ́.
Ó ní, "Ẹyin ń pè mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó wo òkè. "Ta ló máa mọ̀ pé Karakoz ni mí?"
Mo ní èmi á mọ̀.
"Yọ ẹ̀rọ náà, kí ẹ̀rù tó pọ̀ jù fún mi."

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Onígíláàsì ti yọ ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Karakoz kí oorun abẹ́rẹ́ tó gbé e: "Di ẹsẹ̀ mi mú." Mo dì í mú.
Nígbà tó jí, ó wò mí bí ẹni ń wo òpó.

Àìkú, 16 Máàṣì
Bàbá súre, a pa àgùntàn, Karakoz jẹ àjẹyó. Ó fò.
Ömürbek: "Ó bojú wẹ̀yìn, Burul, mo rí i!"
Kò bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi ṣeun.

Àbámẹ́ta, 22
Mo ṣì ń gbé àpótí náà kọ́ àyà. Kò dún.

Àìkú, 27 Éépírì
Darandaran kan rí ìtẹ́ idì lókè odò. Èmi nìkan ló gun àpáta lọ. Òun ni — mo mọ àpá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹyin méjì. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó já lù mí, ó fi èékánná ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.
Ömürbek ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń sọ ọ́ léraléra: "Kò dá ọ mọ̀ ni, Burul. Kò dá ọ mọ̀."
Bóyá. Àmọ́ inú irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti mú un kúrò lọ́mọ ẹyẹ, nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì funfun, tí ìyá rẹ̀ ń ké yí mi ká.
Bóyá ó dá mi mọ̀.