Ọmọ Tí Mò Ń Tijú Láti Gbé Jáde

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà ẹjọ́ wa. Ẹ̀rúnmu ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Nígbà tí oyún mi wọ oṣù kẹjọ, ojú àti ẹsẹ̀ mi wú, orí ń fọ́ mi, mi ò sì ríran dáadáa. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, pé tí wọn ò bá tètè gbé ọmọ jáde, àwa méjèèjì lè kú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, a sì yè, àmọ́ ọmọ kéré gan-an.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbé e wá sí ilé ìwòsàn kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, obìnrin kan tó jókòó tì mí ṣí ṣọ́ọ̀lù kúrò lójú ọmọ mi, ó ní, "Ìyá ìkókó, ṣé ẹ ò jẹun nínú oyún ni?" Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. N ò padà lọ mọ́. Ọkọ mi fẹ́ ká lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo purọ́ pé ọmọ ń wúkọ́.

Ọmọ tó bá mi la ikú já ni mò ń fi pamọ́, ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú jù. Ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ ètò yìí, kí ni kí n fi dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lóhùn, kí n lè gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn?