Àpótí Tí O Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Míìsà.

Adérìnsọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o, báwo ni iṣẹ́, báwo ni Èkó tó gbà ọ́ lọ́wọ́ wa? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ó bá ọ lórí ìjókòó, kí o sì ti jẹun kí o tó ṣí i, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò fẹ́ ẹni tí ebi ń pa. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọlẹ̀, ó ti tún ń bá mi jà bó ṣe yẹ. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Kòkó ń pọ́n dáadáa lóko, Mọ́nsúrù tó ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò ráyè mí, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló tún gbé wálé lánàá tó fẹ́ẹ̀ ga tó ọ.

Ó yẹ kí n sọ èyí lórí fóònù, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e, tó bá sì yá, obìnrin kan á gbà á á máa sọ gẹ̀ẹ́sì sí mi létí. Mo ti sọ fún un pé bàbá rẹ ni mí, kò dá a mọ̀. Mo sì ti gbọ́ pé Hàfsátù, tíṣà kọ̀ǹpútà, ti bá ọ sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ó ti ròyìn fún ọ nípa àpótí nẹ́tíwọọ̀kì tí o fi sí ìkáwọ́ mi. Ọmọ dáadáa ni Hàfsátù, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ ló bá. Bọ́lánlé ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ ní Èkó lọ́la, òun ni mo fi ìwé yìí rán. Jọ̀ọ́, Rìnsọ́lá, gbọ́ tẹnu mi kí o tó bínú.

Ìwọ náà rántí ọjọ́ tí o gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìdánwò tí Fádà Ignatius kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Súwíìṣì lo pè é. O ní ó ní ọ̀gá nínú ara rẹ̀, pé òun ló ń pín nẹ́tíwọọ̀kì, òun kan náà ló sì ń pàṣẹ fún àwọn àwo funfun tí o kàn mọ́ àjà, èyí tí nẹ́tíwọọ̀kì ń ti ara wọn jáde láìsí wáyà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí i láràárọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá, nítorí ojú á tì mí kí n wọlé tọ ọ̀gá kí n má kí i. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o so kọ̀ǹpútà rẹ mọ́ ọn tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè: orílẹ̀-èdè wo nìyí, aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín, kí ni ẹ fẹ́ máa pe nẹ́tíwọọ̀kì yín. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́ lórúkọ láìpe àgbà kankan, láìfi oyin kàn án lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. O tún fi páswọ́ọ̀dù sí i, mo ń rò ó pé irú àṣírí wo ni ohun ilé Ọlọ́run ń ní. Nígbà tí o parí, o ní o ti jẹ́ kó fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú, pé bí kò bá fi pamọ́, ọjọ́ tí iná bá lọ ló máa gbàgbé gbogbo ohun tí o kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n sinmi mọ́.

Fádà wá gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá kékeré tí àpótí náà wà lé mi lọ́wọ́. Ó ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, ọ̀dọ̀ wa níbí ni àwọn ọmọ yóò ti máa ṣe ìdánwò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Àkúrẹ́ ni wọ́n á tún máa sáré lọ, òun á sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. O mọ ohun tí wọ́n á wí nígbà náà. Wọ́n á ní ọmọ Fọláyan ló bà á jẹ́, wọ́n á ní ta ló tiẹ̀ ní kí obìnrin máa gun àkàbà kan nǹkan mọ́ àjà. Mojọlá aládùúgbò wa ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Táyà ọkọ̀ tó gbé ọmọ rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí ọmọ náà fi dé ibi ìdánwò wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ó wà nílé di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Gbogbo ìgbà tí Mojọlá bá rí mi ló ń bi mí pé ṣé àpótí yẹn máa ṣiṣẹ́, mo sì ń dá a lóhùn pé ọmọ mi ló ṣe é.

Ẹ̀yìn tí o padà sí Èkó ni mo fọwọ́ kan àpótí náà, mo rí i pé ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rántí pé o ti sọ fún mi pé bó bá gbóná díẹ̀ kí n má bẹ̀rù, pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ọmọ mi, ta ni o ń kọ́? Ta ló mọ ooru tó ń ṣiṣẹ́ ju àgbẹ̀ kòkó lọ? Kòkó tútù tí a kó jọ tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, ooru inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di kòkó gidi. Bí atẹ́gùn bá kó sí i, tí ooru yẹn bá lọ, ó bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tó ń rà á á fi imú kàn án, á ní kí o máa gbé e lọ. Mo wá wo yàrá náà. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí àpótí lára, kò sí nǹkan kan tó bo ara rẹ̀. Àyà mi já. Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ fi atẹ́gùn pa yìí.

Mo pa fáànù. Mo ti fèrèsé. Mo ní kí Mọ́nsúrù gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ wá. Ó bi mí pé kòkó wo la fẹ́ bò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó kàn ń wò mí, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Mo tẹ́ ewé sábẹ́ àpótí, mo fi ewé bò ó lórí, mo da àpò kòkó bo ewé, mo fi òkúta tẹ àpò náà kó má baà ṣí. Nígbà tó tó àsìkò tí à ń yí kòkó, mo yí òun náà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, wáyà fẹ́ẹ̀ já ṣùgbọ́n mo fọgbọ́n ṣe é. Ooru tó jáde níbẹ̀ nígbà tí mo ṣí i, Rìnsọ́lá, inú mi dùn débi pé mo kọrin.

Àsìkò yẹn gan-an ni nẹ́tíwọọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á dé, á lọ. Hàfsátù á ní kí àwọn ọmọ tẹ nǹkan, nǹkan róbótó kan á máa yí lójú kọ̀ǹpútà títí wọ́n á fi sú. Ó wá béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní kó ní sùúrù, kò tíì tó ṣí. Fádà bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí ní ìwòkuwò. Ìwọ náà pè, o ní o rí i nínú fóònù rẹ pé ara àpótí ń gbóná jù. Ó yà mí lẹ́nu pé o lè jókòó sí Èkó kí o mọ̀ pé ara rẹ̀ ń gbóná, ìyá rẹ tí a jọ ń sùn kì í mọ̀ bí ibà bá mú mi. O bi mí pé ṣé fáànù dára, mo ní kò bàjẹ́. O bi mí pé ṣé nǹkan wà lórí rẹ̀, mo ní kò sí ohun burúkú kankan lórí rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tó bá yọrí ni màá tó sọ fún ọ, kí o lè mọ̀ pé bàbá rẹ náà ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àwọn aláyẹ̀wò sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn ní kí gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ jáde, mo mí kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bọ́ sí èkejì, gbogbo kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Iná kékeré tó wà lára àwọn àwo àjà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi kú tán. Mojọlá tó ń yọjú lójú fèrèsé káwọ́ lérí. Obìnrin náà bi Fádà pé ta ló ṣe iṣẹ́ yìí, Fádà sì dárúkọ rẹ. Ó dárúkọ rẹ ní gbangba, Rìnsọ́lá. Obìnrin náà mú báírò jáde.

Hàfsátù já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ sí yàrá kékeré. Mo sáré tẹ̀lé e, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun má ṣí i, pé ó ku díẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ku díẹ̀, kò dúró gbọ́ èsì, ó ti wọlé. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà. Fádà sáré dé, ó rí òkúta, ó rí àpò, ó rí ewé tó ti rọ tó ń yọ èéfín. Ó ní kí lèyí. Mo ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fo nǹkan kan, bí mo ṣe ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni Fádà ń rọra jókòó sórí páálí.

Hàfsátù kó ewé dà síta níṣojú àwọn àlejò. Ó ṣí fèrèsé, ó dá àpótí padà sí bó ṣe wà, ó tan fáànù sí i, ó ní ká dúró. A dúró. Obìnrin yẹn ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo di rósárì mú, mi ò rántí àdúrà kankan, orúkọ rẹ nìkan ni mò ń pè. Nígbà tó ṣe, Hàfsátù tẹ nǹkan kan lẹ́yìn àpótí, iná rẹ̀ pọ́n bíi ọsàn, ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ débi pé Mojọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kó tó wá di àwọ̀ ewé. Àwọn àwo àjà tàn padà. Kò gbàgbé nǹkan kan o! Orúkọ tí o sọ ọ́ ló ṣì ń jẹ́, páswọ́ọ̀dù rẹ ló ṣì mọ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe é parí, kò dúró mọ́. Obìnrin yẹn kọ̀wé, ó bọ Fádà lọ́wọ́, ó ní gbọ̀ngàn Odode yege. Mojọlá gbá mi mọ́ra, ó fi omijé pa aṣọ mi, èmi náà ò mọ ìgbà tí tèmi dà.

Ìwọ wò ó báyìí, ìwọ tó kàwé. Gbogbo ìgbà tí a fi bò ó, ó ń ṣe ségesège, ọjọ́ tí a ṣí i ló dára. Ohun tí kòkó máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Ká ní Hàfsátù ti ṣí i ṣáájú ọjọ́ yẹn, kì bá tíì jinná, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí. Mo ṣàlàyé èyí fún Fádà dáadáa, dípò kó dúpẹ́, ó na ọwọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ má ṣe sún mọ́ yàrá yẹn mọ́. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Tí o bá bá a sọ̀rọ̀, rọra bi í pé kí ni bàbá mi ṣe.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fi ń kọ̀wé. Owó díẹ̀ ni mo fẹ́, kí o fún Bọ́lánlé kó mú bọ̀. Wọ́n ti gbé àpótí kejì tí o fi ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn ìdánwò Atosin débẹ̀, àwọn aláyẹ̀wò kan náà ló sì ń bọ̀ wá wò ó. Olútìmẹ́hìn ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, àgbẹ̀ kòkó ni, kò bá mi jiyàn rárá. Lọ́la ní ìdájí ni èmi àti Mọ́nsúrù ń gbé ewé lọ, ọkadà méjì la máa gbà láwìn nítorí tibẹ̀ tóbi ju ti Odode lọ, yóò jẹ ewé púpọ̀. Mo sì ti kìlọ̀ fún Olútìmẹ́hìn pé kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni títí àwọn àlejò yóò fi dé, ì báà jẹ́ Hàfsátù, ì báà jẹ́ Fádà, ì báà jẹ́ ẹni tó bá ní ìwọ ló rán òun.

Ọlọ́run tó pa ọ́ mọ́ nínú mi àti nínú ìyá rẹ yóò máa pa ọ́ mọ́ lọ. Ìtìjú ò ní wọlé rẹ. Ibi tí o bá fi ọwọ́ lé, wọn ò ní tú u wò lẹ́yìn rẹ. Má dààmú ara rẹ láti wá. Nígbà tí Bọ́lánlé bá fi máa gbé ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, a ó ti bò ó tán.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ba orúkọ rẹ jẹ́ ní Ìdànrè,
Fọláyan.