Bá Wa Wá Èbù Laboko Nínú Ẹ̀rọ Rẹ

Lougba

Déborah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Exaucé ọkọ rẹ, mo kí ilé tí ẹ ń gbé ní Kútọnu àti omi tí ẹ ń mu níbẹ̀. Ṣé ara le? Olúwa tó dá ẹ̀mí wa sí, kí ó dá tiyín náà sí. Àwa ń bẹ. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ, gbogbo Lougba sì ti gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ, nítorí mi ò lè pa á mọ́ra.

Láti ọjọ́ tí o ti wá kí wa, tí o gbé ọ̀dínátọ̀ rẹ, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹn, lé ẹsẹ̀ lábẹ́ igi kájú, ọkàn mi kò tíì kúrò níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ ọ́fíìsì ní Savalou, àwòrán ni wọ́n ń tẹ̀. Tìrẹ dúdú bí ìdí ìkòkò, o kàn ń kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, ẹ̀rọ sì ń dá ọ lóhùn. O ní ibi ìpamọ́ iṣẹ́ yín nìyẹn, pé ò ń rìn kiri inú rẹ̀ ni. O kọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo àpò tó wà níbẹ̀ tò sílẹ̀. O kọ òmíràn, o wọ inú àpò kan, o tún jáde. O wá béèrè àwọn tó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, orúkọ wọn jáde, ọjọ́ wọn jáde, àti ìdí tí olúkúlùkù fi ṣe ohun tó ṣe. Kódà ohun tí wọ́n ti yọ kúrò tipẹ́, o ní o lè padà lọ bá a bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo bi ọ́ bóyá o kò ní bà á jẹ́ báyìí, o rẹ́rìn-ín, o ní wíwò lásán kì í ba nǹkan jẹ́.

Mo sọ ọ́ ní ìjọ. Olùṣọ́ wa, Éphraïm, béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn. Mo ní rárá o, orúkọ, ọjọ́ àti ìdí nìkan ni. Ó ní ìyẹn náà pọ̀.

Ó yé mi pé àká ni. Ìwọ àti àwọn ará Dakar àti Kánádà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ ò mọ ara yín lójú, síbẹ̀ ẹ jọ ń to iṣu sínú àká kan láìsí ìjà. Mo kí yín, nítorí àká tiwa tí èèyàn mẹ́ta péré ń wọ̀, ìjà ti bẹ́ níbẹ̀.

Mo lọ kó èbù laboko wa kí a lè gbìn ín, mi ò rí i. O mọ laboko yìí, irú iṣu tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, tí kò sí lóko ẹlòmíràn mọ́ nítòsí wa láti ìgbà tí gbogbo ayé ti sọ oko di kájú. Mo ní Ésaïe àbúrò rẹ ló kó o tà, torí ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a gbin kájú síbẹ̀. Ó ní òun kò rí i. Mo ní irọ́ ni. Ó di aṣọ rẹ̀, ó gun alùpùpù zémidjan lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Pira, ilé sì dákẹ́ lé mi lórí. Ó dùn mí, Déborah.

Ìgbà náà ni mo rántí ẹ̀rọ rẹ. O kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ta ló jalè, o bẹ̀rẹ̀ láti òní, o sì ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Mo pe ìyá rẹ sí ẹnu àká, mo ní kí a rìn ín padà: ta ló wọlé, kí ló mú, kí nìdí rẹ̀. Mo sọ tèmi. Ó sọ tirẹ̀, ti oúnjẹ àti ti ọjà Savalou. A ń padà báyìí títí a fi dé ọjọ́ tí o fi ilé sílẹ̀, ìyá rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Mo dúró dè é. Ó ní òun Florentine ló mú u, pé iṣu ńlá ti tán, ọmọ òun kò sì lè kúrò nílé lọ́wọ́ òfo, èbù ni òun fi sínú báàgì rẹ. Orúkọ wà, ọjọ́ wà, ìdí sì dára.

Mo lọ bẹ Ésaïe ní Pira. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní wá kọ ebè tí kò ní laboko nínú, ọjọ́ tí òun bá fojú rí i ni òun yóò wálé.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, ṣí ojú dúdú ẹ̀rọ náà, padà sí àárọ̀ ọjọ́ tí o kúrò níbí, kí o mú èbù náà kí ìyá rẹ tó dì í. Má dá gbogbo nǹkan padà o, èbù nìkan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ewúrẹ́ bímọ. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́, tí ẹ̀rọ sì sọ pé òun kò mọ iṣu, wo ìdí apẹ̀rẹ̀ ilé ìdáná dáadáa. Orí iṣu kan tó ti ń hù yóò tó wa. Fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Savalou, kí o sì fi owó díẹ̀ sínú tẹlifóònù ìyá rẹ, kí n fi lọ gbà á, kí n sì ra ọkọ́ tuntun fún àbúrò rẹ. Mi ò mọ ibi tí owó ń gbà wọ inú tẹlifóònù, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó jáde.

Olúwa kò ní jẹ́ kí orúkọ rẹ sọnù níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ rere. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo. Bí ẹ̀rọ bá sì béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ, bó ti máa ń béèrè, má kọ ọ́ gùn. Kọ ọ́ pé: kí Ésaïe lè wálé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rémy