Ìwé Ìfiwéra Rẹ Ti Dé Àpòmù

Ilé Gàrúbà, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
Àpòmù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1961.

Ọmọ mi Làtífù,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé ìwé kíkà náà kò tíì ba ojú rẹ jẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá Ìbàdàn yóò mú ọ jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń rìn àti ojú tó ń ríran, kò ní jẹ́ kí ìwé dà ọ́ lórí rú, àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ọ yóò máa fi ojú ọmọ wò ọ́. Èmi bàbá rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí a ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ti sọ mí di akọ̀wé. Bí o bá rí i pé àwọn ìlà mi ń sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni tábìlì wa ní.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Òjò pọ̀ lódún yìí ju bí kòkó ṣe fẹ́ lọ, ó jẹrà dúdú mọ́ igi lóko wa lọ́nà Ìkirè-Ilé, èyí tí kò sì jẹrà, àwọn tó ń rà á ní kò gbẹ tó, wọ́n já iye rẹ̀ wálẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Sàídì tó lọ sógun Bọ́mà ti fi eyín góòlù sẹ́nu, láti ìgbà náà ẹ̀rín ló ń rín látàárọ̀ dalẹ́, kódà níbi ìsìnkú. Ìròyìn tó dára nìyẹn. Èyí tí kò dára ni ti àbúrò rẹ Sàlámọ̀tù. Ikọ́ tó mú un láti inú ààwẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀ báyìí, n kò lè fi pamọ́ fún ọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi, ẹni tó ń fúnni lóògùn ní dísípẹ́ńsárì Ìkirè, gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ikọ́ ife ni. Ó kọ ìwé fún wa pé kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, pé wọn yóò dá a dúró, ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé wọ́n ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kí a má sì fi falẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìwé yẹn fi wà ní àjà. Ìyá rẹ ló há a síbẹ̀, ó ní ọmọ òun kò lọ síbi kankan. Ohun tó wà nínú ìwé tìrẹ, Làtífù, ló sì dì mú tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà gbé ìdì ìwé rẹ dé, inú mi dùn débi pé mo gbé e yí àdúgbò ká kí n tó tú u. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kà á sókè fún gbogbo ilé. O kọ ọ́ sókè pé iṣẹ́ tí òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ọ fún ọ nìyí, ìfiwéra ìgbé ayé àti ọrọ̀ ajé àwọn ará Kòríà tí ogun àti ebi bá jà, àti àwọn Inúpíátì tó ń gbé inú òtútù ní òkè Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, pé o tú u sí Yorùbá fún wa, pé o sì fẹ́ fi ilé tiwa ṣe ìkẹta wọn, nítorí náà kí a dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà lẹ́yìn. Bí mo ṣe ka ibẹ̀ tán ni ìyá rẹ dìde dúró. Ó ní irú ìfiwéra wo? Ó ní ṣebí o mọ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ júwe ọgbẹ́ ẹlòmíràn, tó fọwọ́ kan ibi tí ọgbẹ́ náà wà lára tirẹ̀, dandan ni kó sọ pé òun kò fi wé ara òun. Ó ní òun tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, òun kò sì gbọ́ ibi tí o ti sọ bẹ́ẹ̀ kí o tó kó ogun àti ebi àti òtútù ilẹ̀ onílẹ̀ jọ, tí o fi wọ́n wé ilé bàbá rẹ. Mo wò ó lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, lóòótọ́ kò sí níbẹ̀. Mo ti bá ọ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ojú ìwé kìíní báyìí, gàdàgbà, kí n tó dá a padà sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, kí òyìnbó rẹ má pa á rẹ́.

Ti Kòríà ni mo kọ́kọ́ kà. Sàídì ní òun mọ ibẹ̀, pé nígbà ogun Bọ́mà ó ku díẹ̀ kí wọ́n yà síbẹ̀, ẹ̀yìn òkè kan báyìí ni. O ní ogun jà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá fa ìlà kan sáàárín ilẹ̀ náà, ẹni tó bọ́ sápá òkè kò lè sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bọ́ sápá ìsàlẹ̀ kò lè gòkè, ìyá kò mọ̀ títí di òní bóyá ọmọ òun wà láàyè. Mo rò ó pé bí wọ́n bá fa irú okùn bẹ́ẹ̀ sáàárín Ìkirè àti Àpòmù, tí èmi wà lóko, tí àwọn ọmọ wà nílé ńkọ́? Ta ló di okùn náà mú? O kò kọ ọ́. Ẹni tó bá dì í mú gbọ́dọ̀ máa sùn, kí àwọn ènìyàn náà ṣọ́ ọ títí yóò fi sùn. O tún ní wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńláńlá, wọ́n pín in fún àwọn tó ń dáko lórí rẹ̀, èyí dára, ṣùgbọ́n ebi kò lọ, ìyẹ̀fun àti mílíìkì lúbúlúbú láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń tò gbà pẹ̀lú abọ́. Jọ̀ọ́, ta ni ènìyàn ń kọ̀wé sí fún mílíìkì náà? Sàlámọ̀tù kò lè gbé oúnjẹ líle mì mọ́.

Mo wá kà dé ọ̀dọ̀ àwọn Inúpíátì, tí ìyá rẹ ń pè ní ará inú yìnyín. O ní òkun wọn máa ń dì gbagidi, wọ́n á sì máa rìn lórí rẹ̀. Èmi ti rí omi dídì rí, wọ́n fi àpò wé e wá láti Ìbàdàn fún ìgbéyàwó kan ní Gbọ̀ngán, owó gidi ni wọ́n fi rà á, ó sì yọ́ tán kí ìyàwó tó dé. Ẹni tí gbogbo òkun rẹ̀ jẹ́ omi dídì, báwo ni ó ṣe jẹ́ tálákà? Èyí tó tún da orí mi rú jù ni ti ẹja wọn. O ní ẹja àbùùbùtán ni wọ́n ń pa jẹ. Làtífù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ẹja tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé bí o bá ń bù ú di ọ̀la, kò ní tán! Ní ojú ìwé kejì ẹ̀wẹ̀, o ní ebi máa ń pa wọ́n. Mo bi Sàídì, ó ní bóyá ìrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí gé. Mo bi Lèmọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ̀wé bi ọ́, mo sì ń bi ọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó dùn mọ́ mi, níbi tí o ti ní ẹni tó bá pa ẹja náà kì í dá a jẹ, yóò pín in dé gbogbo ilé, yóò kan àwọn opó náà. Bí àwa náà ṣe ń ṣe ẹran Iléyá nìyẹn.

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti àwọn ìbéèrè rẹ, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ikọ́ ife tó ń pa àwọn Inúpíátì, o ní ìjọba gbọ́, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfúrufú kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ará Kòríà gba mílíìkì. Ó wá ku àwa. Mo mọ̀ pé ẹni tí ìfiwéra bá fi hàn pé ìyà rẹ̀ pọ̀ jù ni wọn yóò ránṣẹ́ sí, nítorí náà n kò gbéra ga rárá. Níbi tí o ti béèrè bóyá ilé wa ní fèrèsé, mo kọ pé ó ní, ṣùgbọ́n kò tóbi. O ní ìdáhùn tó bá jẹ́ òótọ́ ni kí a fi àgbélébùú kékeré sí. Ọmọ mùsùlùmí ni ọ́, Làtífù, o sì ní kí bàbá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí máa ya àgbélébùú! Lèmọ́ọ̀mù ní kí n ya òṣùpá dípò rẹ̀. Bí o bá rí ohun tó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, òṣùpá ni. Níbi iye ọmọ inú ilé, n kò kọ nǹkan kan. Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi, ó ní ẹni tó bá ka ọmọ òun lásìkò yìí, òun àti onítọ̀hún ni.

Ṣùgbọ́n níbi ọkọ̀ tó kó àwọn Inúpíátì lọ yẹn náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ ni mo fi ń kà á lọ, n kò wo iwájú. O kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn náà jìnnà, pé ọmọ lè lo ọdún méjì níbẹ̀ láìfojú kan ìyá rẹ̀, pé àwọn mìíràn padà wálé tí wọn kò gbọ́ èdè ìyá wọn mọ́, àwọn mìíràn kò sì padà rárá, àwọn òbí wọn kò mọ ibi tí a sin wọ́n sí. Kí ló dé tí o kò fi ibi yẹn sílẹ̀ ní èdè òyìnbó? Ìyá rẹ fa Sàlámọ̀tù mọ́ra, ó ní òun ti gbọ́, ẹnu Làtífù ọmọ òun fúnra rẹ̀ ni òun sì ti gbọ́ ọ. Ó gba ìwé Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi lọ́wọ́ mi, ó há a sájà. Mo sọ fún un pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìbàdàn. Ó ní ṣé abẹ́rẹ́ gbọ́ Yorùbá? Mo bínú, mo pariwo mọ́ ọn níwájú àwọn ọmọ, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á ń ba èmi náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti ń le sí i. Ìyá rẹ kò dín dòdò mọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ tó máa ń rà á lọ́nà Ìkirè gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn iná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sínú igbá rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un. Ẹ̀gbọ́n mi kó ẹní àwọn ọmọ tirẹ̀ kúrò ní yàrá wa láìsọ̀rọ̀. Ó dùn mí wọnú egungun, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ló ń húkọ́, èmi náà yóò kó ẹní. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Sàlámọ̀tù, ẹni tó ń ru igbá láti Àpòmù dé Ìkirè láìsinmi. Nísinsin yìí bí ó bá rìn dé ìdí kànga, yóò jókòó kó tó lè padà.

Ní àná ìyá rẹ pè mí, ó ní kí n gbé ìwé rẹ wá, kí n tún ibì kan kà nínú ti Kòríà, ibi tí obìnrin kan ti ń sá fún ogun nínú òtútù, tó pọn ọmọ, tó ń fẹsẹ̀ kọjá lórí odò tó dì. Mo kà á. Ó bi mí pé ṣé ọmọ náà yè. Mo wá a, o kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó bi mí pé ta ló fi dá obìnrin náà lójú pé odò náà kò ní là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó fi dá a lójú. Ó jókòó títí iná fi kú nínú àdògán. Lẹ́yìn náà ó gun àpótí, ó yọ ìwé Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi jáde ní àjà, ó fi etí ìró nu eruku rẹ̀, ó ní ṣùgbọ́n òun kò fi wé ara òun o.

Nítorí náà a ń bọ̀ ní Alámísì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ̀ àárọ̀ ni a ó wọ̀. Ìyá rẹ ní òun yóò dúró tì í, bí wọn kò bá gba òun sínú, òun yóò jókòó sí ìdí ògiri, òun yóò máa bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé lójoojúmọ́ kó má baà gbàgbé. Owó tí mo máa ń bẹ̀ ọ́ fún nípárí ìwé, n kò bẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ra mílíìkì dè wá. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o wá dúró dè wá ní gáréèjì, nítorí n kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, ìyá rẹ yóò sì ti pọn Sàlámọ̀tù. Bẹ́ẹ̀ ni, pípọ̀n ni yóò pọ̀n ọ́n. Mo ní kí n bá a gbé e, ó ní kò wúwo. Mo gbé e wò, kò wúwo lóòótọ́.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ níbi tí o kò ti kan ilẹ̀kùn. Yóò fún ọ ní ẹ̀mí tí yóò fi tọ́jú wa, yóò sì fún wa ní ẹ̀mí tí a ó fi rí ìtọ́jú rẹ. Àmín.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan. Ní àárọ̀ yìí, nígbà tí ìyá rẹ lọ pọnmi, Sàlámọ̀tù bi mí pé nínú àwọn ọmọ Inúpíátì tó ní irú ikọ́ òun, mélòó ló sàn. Mo gbé ìwé rẹ, mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí i. Ó ń wo ẹnu mi. Mo wá fi ìka sí ìlà kan tó jẹ́ ti ẹja, mo kà á fún un pé gbogbo wọn ni, gbogbo wọn pátá ló sàn, wọ́n ti wà nílé lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé, n kò ka ohun tí kò sí nínú ìwé rí. Yóò bi ọ́ bí ó bá ti rí ọ. Jọ̀ọ́, Làtífù, lọ kọ ọ́ síbẹ̀ kí a tó dé.

Èmi bàbá rẹ,
Gàrúbà.