Hẹn-ẹn Bàbá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Àjà Kẹta,
                                        Peckham, Lọ́ńdọ̀nù SE15.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Làtíìfù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ábẹ́òkúta? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ara èmi àti Bàbá le, ṣùgbọ́n ojú wa rí nǹkan.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń du Peckham báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan láti ọ̀kan nínú wọn pe Bàbá, ó ní wáyà fóònù àtijọ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n wá gba tuntun. O sì mọ Bàbá, èèyàn kì í bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má ṣe "hẹn-ẹn". Ni wọ́n bá ń dáhùn: "Yes. Yes, my son. Yes." Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ni o! Ọmọkùnrin náà gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sọ ọ́ di àdéhùn.

Ilé-iṣẹ́ tí a ń lò tẹ́lẹ̀ gé wáyà wa. Àwọn tuntun dé, wọ́n ní káńsù tó ni ilé ò tíì gbà kí àwọn lu ògiri. Mo ní kò burú, ṣebí fóònù alágbèéká wà. N kò rántí bọ́tìnnì ọrùn Bàbá, èyí tí wọ́n máa tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Orí wáyà yẹn ló ń gbà pe ìrànlọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, mo pè wọ́n láti ibi iṣẹ́ ní Elephant and Castle, wọn ò gbé e. Mo tún pè. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Bọ́ọ̀sì ń fà ní Walworth Road, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí n máa sáré. Ilẹ̀ kíṣìnì ni mo bá wọn, ìka wọn lórí bọ́tìnnì.

"Àsúmáù, mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí mo kírun àìlà."

Ọlọ́run yọ wá, itan wọn kò kán, ó kàn wú ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù sọ mí di òǹrorò. Mo pariwo mọ́ wọn: "Daddy, ẹ má say yes fún ẹnikẹ́ni mọ́! Ẹ kàn máa dákẹ́!"

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Wọ́n ti so wáyà tuntun, bọ́tìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe Bàbá báyìí, mo máa sọ̀rọ̀ títí, n kò ní gbọ́ hìn-ín. Ẹ̀rù á tún bà mí, màá béèrè bóyá wọ́n wà níbẹ̀.

"Mo ń gbọ́ ẹ. Ìwọ lo ní kí n dákẹ́."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bí o bá pe Bàbá lọ́jọ́ Jímọ̀, jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n. Ojú ń tì mí láti sọ fún wọn pé hẹn-ẹn wọn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì ní bàbá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Àsúmáù.