Orúkọ Mátíù Lórí Pátákó Kànáàlì

Ajé, 11 Oṣù Kọkànlá 2024

Wọ́n ti sọ kànáàlì di ibi ìgbafẹ́. Mo fojú ara mi rí i lónìí. Afárá pákó tuntun, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, àga ìjókòó mẹ́rin tó kọjú sí omi. Omi wo? Omi tó jẹ wá run. Wọ́n ní àwọn èèyàn yóò máa ti Àkúrẹ́ àti Èkó wá láti wa ọkọ̀ alájẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbádùn. Àjẹ̀ yìí kan náà ni kò jẹ́ kí èjìká mi ọ̀tún gbé sókè mọ́.

Oníkóòtù ló ń darí rẹ̀. Gbọ́láhàn ni orúkọ rẹ̀, alága ìgbìmọ̀ àjogúnbá ìlú wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wọ kóòtù nínú oòrùn etí òkun, kí ni mo tún lè máa pè é nínú ìwé yìí? Ó ní àwọn yóò gbé pátákó ńlá kan sí etí omi, àwọn yóò sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tó bá ilé-iṣẹ́ epo ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànáàlì ní 1986. Ilé-iṣẹ́ ti kó lọ, ó ku pátákó. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣí i.

Mo bi í bóyá orúkọ Mátíù wà níbẹ̀. Ó wo ìwé rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní kò sí.

Mátíù ọkọ mi, tó fi oṣù mẹ́rin gbáko kan èèkàn fún wọn nínú omi.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Ẹja tí mo ń yan jóná. Ọkàn mi kò sí lórí ààrò.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Mo padà lọ bá Oníkóòtù nílé. Ó ní ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ ni àwọn ń tẹ̀ lé, lébírà ni Mátíù, wọn kì í kọ orúkọ lébírà. Mo ní lébírà yìí ló kọ́kọ́ ń wọ omi, òun ló ń jáde kẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá Dùnní, ẹ ṣe sùúrù. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbi kànáàlì nìkan ni pátákó wà fún, a sì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí." Bí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bá lè jẹ́rìí, ó ní òun yóò kọ ọ́.

Ta ló kù? Wọ́n ti kú tán. Àfi Ògúnlànà ní Awoye, bí òun náà bá ṣì wà.

Kí n kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí Oníkóòtù kò mọ̀ ọ́n. Àwọn òyìnbó ní ìwé, àwọn kò mọ omi. Wọ́n á nawọ́, Mátíù á kan èèkàn síbẹ̀, á so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ odò, dírẹ́jà tí gbogbo wa ń pè é, á máa tẹ̀ lé èèkàn náà. Nílẹ̀ wa, èèkàn inú omi kì í ṣe ohun àwàdà. Ẹni tó kàn án ló ni ín. Ó lè jẹ́ ààlà ibi ìdẹja rẹ̀, ó lè jẹ́ àmì igi tó rì tó lè fa àwọ̀n ya. Ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan ní àdúgbò wa hú èèkàn aládùúgbò rẹ̀. Ọdún méjì ni ẹnikẹ́ni kò fi ra ẹja lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tó sú wọn, wọ́n kó lọ sí Zion Pepe.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ èèkàn fún Mátíù. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá

Pásítọ̀ gbàdúrà fún ibi ìgbafẹ́. N kò ṣe àmín.

Mo ń ro Mátíù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa, ìsìn ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ló pa jẹ, lọ́dún kànáàlì yẹn. Ó wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan, ó ní òun lọ wo àwọ̀n òun. Mo bá a jà gidi nítorí aṣọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìsìn tó pa jẹ, wọn kò sì lè kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí pákó.

Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kọkànlá

Akọ̀wé Kékeré wá. Ọmọ́lẹ́wà ni orúkọ rẹ̀, yunifásítì ló ti wá, ó ń gba ìtàn ìlú sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, n kò rí ibi tí mo fẹ́ gbé ìbínú mi kọ́ sí. Ó ní kí n sọ bí ìlú ṣe rí kí kànáàlì tó dé.

Mo sọ fún un. Omi odò ni à ń bù mu. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ tò lọ títí ojú kò fi lè kà á, ẹja àrọ̀ wà lẹ́yìn ilé. Kànáàlì já sínú òkun, òkun sì gba ojú ọ̀nà náà wọlé. Kò pé ọdún kan tí àwọn ọ̀gọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti orí wá sísàlẹ̀. Ẹja àrọ̀ ń léfòó. Ní báyìí orí omi ni a ń gbé, omi ọlọ́ràá ni a ń rà mu. Ó bi mí pé, "Ìyá, ta ló mú òkun wọlé?" Mo ní ilé-iṣẹ́. Ó kọ ọ́. Mo ní kó fa ìlà sí i nídìí. Ó fà á.

Ó béèrè ibi ìsìnkú àtijọ́. Mo ní òkè iyanrìn ni, òkun ti gbé e lọ ní 2001. N kò sọ fún un pé Ìtẹ́ wà níbẹ̀. Ìtẹ́olúwakìṣí, àkọ́bí mi. Ọmọ ọdún méjì. Àrùn èéyi ló mú un lọ ní 1985. Ìwé yìí nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kọkànlá

Àwọn àlejò àkọ́kọ́ dé, ọkùnrin mẹ́ta láti Àkúrẹ́. Ìwọ̀ ni wọ́n ń jù sínú kànáàlì, pẹ̀lú ọ̀pá tó ń dán àti àga tó ń ká. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹja kan. Ẹja kan. Ọkùnrin náà gbé e sókè, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó sì dá a padà sínú omi.

Mo rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìgbafẹ́ ni.

Mo wọlé lọ jókòó.

Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kọkànlá

Omi le. Kò sí bóòtù sí Awoye.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kọkànlá

Mo dé Awoye. Màá kọ ọ́ tán.

Sunday, ọmọkùnrin aládùúgbò mi, ló fi bóòtù rẹ̀ gbé mi lọ. A bá Ògúnlànà níwájú ilé, ó ń fọwọ́ wá ibi tó ya lára àwọ̀n. Ojú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ó dá ohùn mi mọ̀. Sunday gbé fóònù síwájú rẹ̀ láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá sọ ọ́ kedere pé Mátíù bá àwọn ṣiṣẹ́, òun ló kan gbogbo èèkàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sunkún ayọ̀. Sunday lọ ra epo. Ó ku èmi àti bàbá.

Mo ní ẹ ṣeun, bàbá, ohun gbogbo ni ilé-iṣẹ́ yẹn gbà lọ́wọ́ wa, wọn kò ní gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ èèkàn mẹ́fà yẹn, o ṣì fi pamọ́ títí di òní? O káre."

Mo ní èèkàn mẹ́fà wo?

Ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ kí kànáàlì já sí òkun rárá. Ohun tí bàbá sọ nìyẹn. Nínú ìwé wọn, ó yẹ kó yà níbi igi ẹ̀gbà ńlá, kó la òkè iyanrìn já, kó parí sínú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú. Òkè iyanrìn yẹn ni ibi ìsìnkú wa. Èèkàn ti wà lórí ọ̀nà náà, pẹ̀lú aṣọ pupa. Ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ògúnlànà nìkan ló ń ṣọ́ dírẹ́jà. Ó rí Mátíù nínú omi. Mátíù hú èèkàn mẹ́fà tó kẹ́yìn, ó sì kàn wọ́n ní tààrà, kọjú sí òkun.

Ní ọjọ́ Ajé, dírẹ́jà tẹ̀ lé èèkàn. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ta ni nínú wa tó lè ronú pé ọmọ Ìlàjẹ yóò hú èèkàn tó kàn fún ẹlòmíràn? Gbogbo wọn rò pé àwọn òyìnbó ló pa èrò dà. Ìgbà tí àwọn ọ̀gá fi rí i, òkun ti ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀nà ti yá sí i, kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ.

Bàbá ní òun bi Mátíù léèrè lọ́jọ́ náà gan-an. Mátíù ní, "Rhoda ní kí n má wọ ulí mọ́ bí ghan bá hú ọma òun." Rhoda, èmi nìyẹn: kó má wọ ilé mọ́ bí wọ́n bá hú ọmọ mi.

Ògúnlànà kọ ojú sí ibi tí ohùn mi wà. Ó ní, "Àbí kì í ṣe ìwọ lo rán an, ọma mi?"

Sunday padà dé. A wọ bóòtù.

Ẹtì, 29 Oṣù Kọkànlá

N kò yan ẹja lónìí.

Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo sọ ọ́. Mo rántí ibi tí mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí èéfín wọ̀ mí lójú. Mo ti gbọ́ pé òkè iyanrìn ni wọn yóò là já. Ìtẹ́ kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀. Mo ní bí ẹ̀rọ yẹn bá gbé ọmọ mi jáde nínú ilẹ̀, kó má ṣe wọlé tọ̀ mí mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò dáná fún un. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Àìkú yẹn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan. Ìgbà tí ìjà aṣọ parí, ó ní, "Wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́." N kò béèrè bó ṣe ṣe é. Mo dáná. Mo mọ ohun tí mo sè: púpurú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja àrọ̀. Ó jẹun bí ẹni tí ebi ti fẹ́ẹ̀ pa kú.

Òkun tó gba kànáàlì wọlé náà ló gbé òkè iyanrìn lọ, tòun ti Ìtẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Mátíù fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì kó tó kú. Bí mo bá ń gbé ilé-iṣẹ́ ṣépè, kì í dá sí i. Á kàn máa wo omi. Mo máa ń bínú sí i pé kò mọ ìbínú í bí. Mo máa ń sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn.

Kí ilé-iṣẹ́ má rò pé mo ti dá wọn sílẹ̀ o. Ẹ̀rọ tiwọn ni, wọ́n rí òkun níwájú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi náà ńkọ́? Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń nàka ẹ̀bi sí wọn. Ó dùn mí dé egungun.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá

Sunday ti gbé ohùn Ògúnlànà fún Oníkóòtù gbọ́. Oníkóòtù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí mi kú oríire. Wọn yóò kọ orúkọ Mátíù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mi korò.

Dùnníolúwa ọmọ mi pè láti Ọ̀rẹ̀. Ó ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú orúkọ bàbá àgbà.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejìlá

Akọ̀wé Kékeré mú ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ sórí pátákó wá hàn mí. Ọ̀rọ̀ ìlà kan wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ti Mátíù: *Òun ló kan èèkàn tí kànáàlì tẹ̀ lé.* Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó ń wò mí bóyá yóò dùn mọ́ mi.

Mo ní òtítọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó lọ.

Mo lè dákẹ́. Ògúnlànà kò ní sọ. Dùnní kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn èèyàn yóò dúró níwájú pátákó, wọn yóò ka orúkọ ọkọ mi, wọn yóò lọ wa ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá sì mọ̀ lọ́jọ́ kan, Mátíù nìkan ni wọn yóò dá lẹ́bi, òun tó ti kú, nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo sì jà kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹtì, 6 Oṣù Kejìlá

Mo lọ sí etí omi láàárọ̀. Akunlé wà lórí àpótí, ó ń kọ pátákó lọ. Ó ti kọ Mátíù tán, ọ̀dà kò tíì gbẹ. Oníkóòtù wà níbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù tuntun, Akọ̀wé Kékeré ń to àga.

Mo ní ó ku orúkọ kan. Oníkóòtù ní ti ta ni. Mo ní tèmi, Rhoda, lábẹ́ ti Mátíù, kí ọ̀rọ̀ ìlà kan náà wà fún àwa méjèèjì.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí i pé n kò rín, ó ní, "Ìyá Dùnní, ẹni tó ṣiṣẹ́ níbi kànáàlì nìkan ni. Obìnrin kankan ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Mo ní mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó bi mí pé iṣẹ́ wo.

Mo ní kí Ọmọ́lẹ́wà mú ìwé rẹ̀ wá, kó ṣí i síbi tí mo ti ní kó fa ìlà sí ìdí ilé-iṣẹ́, ó ku orúkọ méjì níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí akunlé sọ̀ kalẹ̀ ná. Mo wá ní kí Alága bọ́ kóòtù rẹ̀, kó sì jókòó.